Ìmọ́lẹ̀ tó ń dàrú nínú òrùka fáíbà: níbo gan-an ni òòyà ti ń jáde?

Ọmọ Ọ̀bàńtókò (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀), ọjọ́ Ẹtì, 8:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ àṣekágbá ni mo ń ṣe lórí ẹ̀kọ́ físíìsì níhìn-ín ní Abẹ́òkúta. Ohun tí mo mú ṣe ni bí ìmọ́lẹ̀ lésà aláwọ̀ kan ṣoṣo ṣe ń di ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀ tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí eyín òòyà, nígbà tí a bá dà á sínú fáíbà tí a ká, tí a sì so orí mọ́ ìdí di òrùka. A kò ní irú lésà tí iṣẹ́ náà ń fẹ́, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni mo ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìdọ́gba tí Lugiato àti Lefever gbé jáde ní 1987.

Òrùka tí mo fi ṣírò gùn ní mítà 100, irú fáíbà lásán tí àwọn oníṣẹ́ tẹlifóònù ń rì mọ́lẹ̀ ni. Nínú agbára ìmọ́lẹ̀ tó ń yí nínú rẹ̀, ìdá 20 nínú 100 ló ń sọnù ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìdá 10 nínú 100 sì ni coupler, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń da ìmọ́lẹ̀ láti fáíbà kan sínú òmíràn, ń gbà wọlé. Lésà náà wà ní nánómítà 1550. Detuning, ìyẹn bí lésà ṣe yẹ̀ kúrò níbi tí òrùka ti ń gbà á jù lọ, ni mo kọ́kọ́ fi sí rédíà 0.1. Mo fi mílíwáàtì 60 wọlé, ojú ìmọ́lẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ohun tó yọ. Mo gbé e dé 90, ìgbì ẹ̀gbẹ́ méjì yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì tó nǹkan bí 48 GHz láti àárín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹnìkejì mi nínú yàrá kó wá wò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ rèé. Mo fẹ́ kí òòyà náà fẹ̀, mo wá gbé agbára dé 800, mo sì sún detuning sí 0.3. Eyín tí mo ń retí kò dúró lójú kan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ń hó bí omi ẹ̀kọ, ìyípo kan kò jọ èyí tó tẹ̀lé e. Ṣé kóòdù mi ló ṣìnà ni, àbí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń hùwà nìyẹn?

Ajófáíbàpọ̀ Lafenwa, ọjọ́ Ẹtì, 9:02 alẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Èmi kì í ṣe onífísíìsì, fáíbà tí katakata bá gé ni mo máa ń jó pọ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì lè padà. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú ohun tí o ń sọ yìí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ tèmi mọ́ ọn. Fáíbà tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ kan tó bíi mítà 100. Mo jó coupler kan mọ́ ọn, mo so ó di òrùka, mo sì lo lésà tí mo yọ lára ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì àlòkù kan, tí agbára rẹ̀ kò ju mílíwáàtì kan lọ. Ìjójọ náà dára, ẹ̀rọ mi kà á sí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 0.02. Àmọ́ ohun tí mo rí lẹ́nu ọ̀nà kejì kàn ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tí mo bá sún mọ́ ọn, á yí padà. Tí mo bá tan fáànù, á yí padà. Tí àwọn ọmọ bá sáré kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á yí padà. Kí ló fà á?

Olùkọ́ Àṣẹ̀rò, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:45 òwúrọ̀

Ẹ kú àsọpọ̀ o. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìbéèrè méjèèjì yìí ló sì máa ń dùn mọ́ mi jù. Ẹ jẹ́ kí n dá ọmọ lóhùn ná, ma bọ̀ wá bá ẹ̀yin náà, ẹ̀gbọ́n Lafenwa.

Ọmọ Ọ̀bàńtókò, kóòdù rẹ kò ṣàìsàn. Mú bébà, kí o ṣírò ohun tí o ti rí fúnra rẹ. Ohun tí John Kerr ṣàkíyèsí ní 1875 ni pé agbára iná mànàmáná máa ń yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nínú gíláàsì padà. Ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú, nítorí náà bí ó bá ti lágbára tó ni gíláàsì náà ṣe ń fà á sẹ́yìn tó. Ẹ fojú inú wo gángan kan tó jẹ́ pé kọ̀ǹgọ́ ló ń fún ọsán rẹ̀: bí onílù bá ṣe lù ú tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á ṣe yí tó, láìjẹ́ pé apá rẹ̀ fún un. Nínú irú fáíbà tí o lò, ìyípadà náà tó nǹkan bíi rédíà 1.2 fún wáàtì kan ní kìlómítà kan, ìyẹn 0.12 fún mítà 100 tìrẹ. Àìdúró-ṣinṣin máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ohun tí Kerr fi kún un ní ìyípo kan bá tó ìdajì ohun tó ń sọnù. Ìdajì 0.2 jẹ́ 0.1. Pín 0.1 sí 0.12, wáàtì 0.83 ló gbọ́dọ̀ máa yí nínú òrùka. Òrùka tìrẹ sì ń sọ ohun tó wọlé di ìlọ́po 10 tí detuning bá wà ní 0.1. Mílíwáàtì 83 nìyẹn. O rí ìdí tí 60 kò fi ṣe nǹkan kan, tí 90 sì fi bí ọmọ méjì.

Àwọn ọmọ méjì náà, fótọ́ọ̀nù méjì lára lésà ló pàdánù ara wọn, tí ọ̀kan wá gòkè, tí ìkejì sì sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kí àpapọ̀ okun wọn má baà yẹ̀. Èyí tí dispersion bá gbè lẹ́yìn jù lọ ni yóò borí. Dispersion ni bí àwọn àwọ̀ kò ṣe ń rìn ní ìyára kan náà nínú fáíbà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa kọjá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn mọ irú nǹkan yìí dáadáa. Katakata á tẹ́ ọ̀nà náà pẹrẹsẹ, kò ní tó oṣù kan tí mọ́tò á fi sọ ọ́ di gbágungbàgun. Àwọn òkè kéékèèké náà kì í sì wà káàkiri bó ṣe wù wọ́n, àlàfo àárín wọn máa ń dọ́gba, bí ẹni pé ẹnìkan fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ojú tó tẹ́jú ni kò lè dúró. Benjamin àti Feir ṣàlàyé irú rẹ̀ lójú omi ní 1967. Hasegawa àti Brinkman sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ fún fáíbà ní 1980, Tai, Hasegawa àti Tomita sì fojú rí i ní 1986.

Rúdurùdu tí o wá bá ní 800, ibùdókọ̀ ló jẹ́, o kò tíì dé ilé. Má ṣe dín agbára kù. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o máa fà detuning lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo títí dé 0.8, kí o sì máa kọ ìpíndọ́gba agbára inú òrùka sílẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí o bá ṣe é tán, wá sọ ohun tí o rí.

Ẹ̀gbọ́n Lafenwa, tiyín kò le. Gígùn mítà 100 ń jẹ́ kí òrùka máa gba ìmọ́lẹ̀ ní gbogbo 2 MHz. Ó máa ń gbà á lójú tóóró tí kò ju nǹkan bí 65 kHz lọ tí òrùka náà bá dára bíi ti ọmọ yìí. Lésà inú ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì kì í gbé ojú kan tóóró bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó MHz kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ odó bọ ihò abẹ́rẹ́ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mílíwáàtì kan kò tó nǹkan kan lára 83. Ìyẹn ni pé ẹ kò tíì dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dàrú fúnra rẹ̀ rárá. Ohun tí ẹ rí ni ooru.

Oníṣirò Ìtòkú, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:30 òwúrọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n mo ní ìjà méjì.

Èkíní, ìwé tí mo kà sọ pé àìdúró-ṣinṣin yìí kì í wáyé àfi níbi tí dispersion bá jẹ́ irú tó ń jẹ́ kí àwọ̀ tó sún mọ́ búlúù yára ju èyí tó sún mọ́ pupa lọ. Fáíbà lásán kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ nánómítà 1310. Ṣé ẹni tó bá ní lésà 1064 kàn gbọ́dọ̀ pa ilé dé ni?

Èkejì, ọmọ yìí kò sọ bí fèrèsé àkókò tó fi ṣírò, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń wò nínú ìyípo, ṣe fẹ̀ tó. Tí ó bá jẹ́ irú èyí tí gbogbo wa máa ń lò, kò lè ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan píkósẹ́kọ́ǹdì lọ. Ìmọ́lẹ̀ sì ń lo píkósẹ́kọ́ǹdì 490,000 láti yí òrùka mítà 100 po lẹ́ẹ̀kan. Eyín tí yóò rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ló bí wọn, kì í ṣe òrùka.

Olùkọ́ Àṣẹ̀rò, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12:15 ọ̀sán

Ìjà kejì yẹn, ìwọ ló jàre, ó sì yẹ kí n ti béèrè fúnra mi.

Ti èkíní, ohun tí ìwé rẹ sọ jẹ́ òótọ́ fún ìmọ́lẹ̀ tó gba inú fáíbà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òrùka yàtọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ti lọ á padà wá bá èyí tó ń wọlé, ìpàdé yẹn fúnra rẹ̀ sì lè dí àlàfo tí dispersion fi sílẹ̀. Haelterman, Trillo àti Wabnitz fi ìṣirò hàn án ní 1992, Coen àti Haelterman sì rí i nínú fáíbà gidi ní 1997. Kìkì pé ọ̀nà náà há: detuning gbọ́dọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 rédíà lọ nínú irú òrùka tí a ń sọ yìí, ìmọ́lẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ìyẹn ipò tí agbára kò pọ̀ nínú ipò méjì tí òrùka lè wà, kó má tíì fò sókè. Nítorí náà, ẹni tó ní 1064 kò gbọ́dọ̀ pa ilé dé, ṣùgbọ́n kó má retí àlejò púpọ̀.

Ọmọ Ọ̀bàńtókò, ọjọ́ Àìkú, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Ìtòkú. Wọ́n mú iná lọ láàárọ̀, bátìrì mi sì kú nígbà tí ìṣirò dé ìdajì, ni mo bá tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Agbára inú òrùka ń gun òkè lọ bí ẹni tó ń gun Olúmọ. Ní àkọ́kọ́ ó ń gùn ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó ń gbọ̀n pẹ̀lú rúdurùdu tí mo ti sọ. Àfi bó ṣe já lulẹ̀ lójijì! Mo kọ́kọ́ rò pé kóòdù ti kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò já dé ilẹ̀ pátápátá. Ó balẹ̀ sórí àtẹ̀gùn kan, ó dúró síbẹ̀, kò gbọ̀n mọ́. Nígbà tí mo wo ohun tó wà nínú fèrèsé mi, ìlà tó tẹ́jú ló wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ṣóńṣó sì dúró lórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píkósẹ́kọ́ǹdì 2, gíga wọn dọ́gba, kò sí ẹni tó sún mọ́ ẹnìkejì. Mo jẹ́ kó yí ní ìgbà 20,000 sí i, wọn kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Òòyà náà yọ lóòótọ́, àmọ́ orí rẹ̀ kò dán. Ó ń rì, ó ń yọ, bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e kúrò níbì kan, a sì fi sílẹ̀ níbòmíràn. Fèrèsé mi jẹ́ píkósẹ́kọ́ǹdì 200, àlàfo eyín mi sì jẹ́ 5 GHz, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Ìtòkú ṣe fura.

Olùkọ́ Àṣẹ̀rò, ọjọ́ Àìkú, 7:00 alẹ́

O ti dé ilé. Ìmọ́lẹ̀ ṣóńṣó wọ̀nyẹn là ń pè ní soliton inú òrùka. Ìlà tó tẹ́jú nísàlẹ̀ wọn tutù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ lésà, nítorí pé detuning ti gbé e jìnnà. Ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan lágbára débi pé Kerr tirẹ̀ fà á padà síbi tí òrùka ti lè bọ́ ọ, nítorí náà òun nìkan ló ń jẹun nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Dispersion ń fẹ́ nà án gbọọrọ, Kerr ń fún un pọ̀, ohun tí lésà ń fún un sì ń dí ohun tó ń sọnù. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó yẹ̀.

Orí òòyà rẹ kò dán nítorí pé àwọn mẹ́ta ni wọ́n ń kọrin pọ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ó bá ṣẹ́ku ẹyọ kan, orí náà á dán bí agogo tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Iye tí yóò ṣẹ́kù lẹ́yìn rúdurùdu kò sí lọ́wọ́ rẹ, ariwo tí o fi bẹ̀rẹ̀ ló ń pín in. Àwọn kan kì í gba ọ̀nà rúdurùdu rárá. Ní 2010, ní Brussels, Leo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo òrùka mítà 380. Ìlà tó tẹ́jú ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n wá ju ìmọ́lẹ̀ kúkúrú mìíràn wọlé láti kọ soliton síbi tí wọ́n bá fẹ́, bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Tiwọn fẹ̀ tó píkósẹ́kọ́ǹdì 4.

Nípa àlàfo eyín, òrùka tí eyín rẹ̀ yóò wà ní 5 GHz kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Nínú òrùka mítà 100, eyín tòótọ́ wà ní 2 MHz sí ara wọn, ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ tó ń pín àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò sì lè fi wọ́n hàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Láti lésà dé ìgbì ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ tí o rí lọ́jọ́ Ẹtì, eyín bí 24,000 ló ṣófo láàárín. Ìyẹn ni mi ò ṣe máa ń pe ìgbì ẹ̀gbẹ́ lásán ní òòyà. Èyí tí Hall àti Hänsch fi gba apá kan ẹ̀bùn Nobel ní 2005 jẹ́ èyí tí gbogbo eyín rẹ̀ ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, tí a lè fi ka ìmì ìmọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ka owó. Ẹni tó bá fẹ́ kí eyín jìnnà sí ara wọn á gbé òrùka kékeré wá, bí èyí tí Del'Haye àti Kippenberg pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ṣe tiwọn ní 2007, tàbí kó gé fáíbà sẹ̀ǹtímítà kan, kó fi dígí bo orí àti ìdí rẹ̀. Ìyẹn á fún un ní nǹkan bí 10 GHz.

Ajófáíbàpọ̀ Lafenwa, ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ooru yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Oníṣirò Ìtòkú, ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣírò rẹ̀. Tí mítà 100 bá fi díígíríì kan péré gbóná sí i, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn á gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà kan, ìyẹn sì ju ìgbì 600 lọ. Nítorí pé ojú tóóró tí òrùka fi ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìdá kan péré tí a bá pín àlàfo kan sí ọ̀nà 31, ìyípadà tó jẹ́ ìdá kan tí a bá pín díígíríì kan sí ọ̀nà 20,000 ti tó láti lé lésà kúrò níbẹ̀. Fáànù yín ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì sọ ti oòrùn Abẹ́òkúta. Àwọn tó ń ṣe é máa ń fi òrùka pamọ́ sínú àpótí tí fóòmù yí ká, wọn á sì tún ní ẹ̀rọ tó ń sún lésà tẹ̀lé e bó bá ti ń yẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé isolator nínú òrùka, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Láìsí i, Brillouin, ìyẹn ìgbọ̀n inú gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀, á kó ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn pẹ̀lú ìyàtọ̀ bí 11 GHz, á jẹ oúnjẹ gbogbo wọn kí Kerr tó jí.

Àbúrò, ìjà kan ṣì kù. Ìdọ́gba 1987 ń pín ohun gbogbo dọ́gba sórí ìyípo, bí ẹni pé coupler wà níbi gbogbo. Ní 0.8 rédíà, mi ò gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Irú rúdurùdu tí Ikeda ṣàlàyé ní 1979, èyí tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ga ní ìyípo kan tó sì ń kúrú ní ìkejì, kò lè yọ nínú rẹ̀ láéláé. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rìn yí fáíbà po ná, kí o wá fi coupler lù ú lẹ́ẹ̀kan lópin ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ọ̀bàńtókò, ọjọ́ Ajé, 10:50 alẹ́

Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ti Ikeda kò yọ, agbára mi kò tíì tó o. Soliton náà wà, ó fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹyọ kan ló sì ṣẹ́kù lọ́tẹ̀ yìí, orí òòyà náà sì dán. Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ti tẹ́lẹ̀: abẹ́rẹ́ méjì tín-ínrín, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan, ní nǹkan bí 355 GHz sí àárín, ìyẹn nánómítà 2.8. Mo yí fèrèsé padà sí píkósẹ́kọ́ǹdì 400, wọn kò kúrò níbẹ̀.

Oníṣirò Ìtòkú, ọjọ́ Ajé, 11:12 alẹ́

Wọn kò lè kúrò. Coupler tó ń lu soliton lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan ló ń ta wọ́n jáde, níbi tí ohun tí dispersion àti detuning fi kún un ní ìyípo kan ti pé rédíà 2π. Kelly ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè é nínú lésà. Gé òrùka rẹ sí mítà 50 láìyí nǹkan mìíràn padà, àwọn abẹ́rẹ́ náà á sún jìnnà sí i. Ṣírò ibi tí wọn yóò dé kí o tó tan kọ̀ǹpútà, kí o sì kọ ọ́ síbí kí iná tó lọ.

Ọmọ Ọ̀bàńtókò, ọjọ́ Ajé, 11:31 alẹ́

502 GHz. Mo ti ń ṣe é lọ.